Áàpù ń gbé mi wọgbó láàárín Ìbàdàn sí Abẹ́òkúta, báwo ni mo ṣe máa tún ìlà ọ̀nà yìí ṣe lórí fóònù?

Táyà_Àpáta

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, áàpù kan fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì la fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Àpáta n'Íbàdàn níbí lọ sí Abẹ́òkúta, kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń sọ o, kí ẹnì kan má lọ máa bi mí pé èló ni èrò kan. Ọ̀nà tí gbogbo ayé mọ̀ náà la fẹ́ gbà: Àpáta, Omi-Adió, Bakatari, Olódó, Ọ̀dẹ̀dá, ká já sí Obantoko, ó parí. Kò sí àdììtú kankan níbẹ̀, mọ́tò ń gbà á tọ̀sán tòru. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi Àpáta síbi ìbẹ̀rẹ̀ tí mo fi Abẹ́òkúta síbi ìparí nínú áàpù yẹn (mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ó lè jẹ́ èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò), tí mo wá tẹ àwòrán kẹ̀kẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya sọ́tùn-ún ya sósì bí ewúrẹ́ tí wọ́n lé kúrò nídìí ẹ̀gẹ́.

Mo ní kò burú, bóyá ó mọ ohun tí mi ò mọ̀. Sátidé tó kọjá mo jáde lémi nìkan láago mẹ́fà àárọ̀ kí n lọ yẹ ọ̀nà náà wò. Mo kọjá Omi-Adió dáadáa, ó di ibì kan, obìnrin inú fóònù ní kí n yà sọ́tùn-ún. Mo yà. Ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa ni, ó tẹ́jú, mo tiẹ̀ ń yin áàpù náà lọ́kàn mi. Lẹ́yìn bíi kìlómítà méjì ó bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín, koríko wá sáàárín ẹ̀, ewé ẹ̀gẹ́ ń gbá mi lápá lọ́tùn-ún lósì, nígbà tó yá mo débi odò kékeré kan tó jẹ́ pé igi ọ̀pẹ méjì ni wọ́n fi dábùú ẹ̀. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń sẹ́ fùfú. Wọ́n wò mí, wọ́n wo kẹ̀kẹ́, wọ́n wo akoto orí mi, wọ́n ní "Ọmọ mi, ta lo wá bá?" Mo ní Abẹ́òkúta ni mò ń lọ mà. Ẹ ò rí bí ìyá yẹn ṣe rẹ́rìn-ín. Fóònù ṣì ń sọ fún mi pé kí n máa lọ tààrà.

Mo délé, mo ní màá tún un ṣe. Mo tẹ ìka mọ́ ìlà náà, mo fà á bọ́ sórí títì. Ó gbà fún mi níbẹ̀, ó wá yọ níwájú, ó wọ igbó míì. Mo fa ìyẹn náà, ó tún yọ níbòmíì, àfi bí ẹni ń tẹ bàlúùnù, o tẹ̀ ẹ́ níbí ó wú lọ́hùn-ún. Mo fi pọ́ìntì tó bí ogún sí i, kìlómítà tó jẹ́ 71 tẹ́lẹ̀ di 94! Ìgbà tí mo wá fẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ni mo rí i pé ìlà náà ń wọ àdúgbò onílé lọ, á dé ẹnu géètì ẹnì kan, á yí padà, á tún bọ́ sí títì. Ibi márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ló rán an?

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti ọjọ́ Túsìdeè. Mo ti fi sùúrù tún ibi tó dé Bakatari ṣe, mo sì ti fi í pamọ́, mo gbé kẹ̀kẹ́ jáde kí n fi dán an wò. Mo kàn yà ra omi lódìkejì títì ni o, áàpù ní mo ti ṣìnà, ó tún gbogbo ẹ̀ ṣírò láìbi mí, ó sì ń dá mi padà sọ́dọ̀ ìyá fùfú.

Ìbéèrè mi rèé: báwo ni mo ṣe lè yan ọ̀nà tí mo fẹ́ kó sì dúró bí mo ṣe yàn án? Mi ò ní kọ̀ǹpútà, fóònù Android ni gbogbo ohun tí mo ní. Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù ká gbéra.

Gáárì_Olómi

"Ta lo wá bá" 😂😂 ìyá yẹn ti rí irú yín rí ni.

Bọ̀dá Táyà, ẹ má bínú o, ọ̀nà Abẹ́òkúta náà tún ń fẹ́ áàpù? Ibi tí bọ́ọ̀sì bá dojú kọ kí ẹ̀yin náà dojú kọ ọ́. Bàbá mi àgbà gun Raleigh káàkiri ọjà, sátẹ́láìtì kankan ò bá wọn lọ. Níbi tí ọ̀nà bá ti pín, ẹ bi ọlọ́kadà, ó tán.

Ẹ̀gbọ́n_Ṣàgámù

Táyà má dá Gáárì lóhùn, áàpù mẹ́ta ló wà lórí fóònù tiẹ̀. Kì í ṣe pé o ò mọ̀ ọ́n lò. Jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, tó o bá ti mọ ìdí ẹ̀, àtúnṣe ẹ̀ ò le.

Ọ̀pọ̀ áàpù kẹ̀kẹ́ yìí, máàpù OpenStreetMap ni wọ́n gbé ara lé, Komoot, OsmAnd, BRouter, máàpù kan náà ni. Nínú máàpù yẹn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ní ipò tiẹ̀, bí ẹni joyè. Ọ̀nà ńlá ìjọba àpapọ̀ bíi A5 yẹn, ìyẹn títì Ìbàdàn sí Abẹ́òkúta tẹ́ ẹ fẹ́ gbà, "trunk" ni wọ́n sábà máa ń kọ sí irú ẹ̀ lára. Tó o bá wá tẹ kẹ̀kẹ́, áàpù á máa dá iye lé ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe owó o, ìṣirò inú ẹ̀ ni. Ó lè ka kìlómítà kan lórí trunk sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ojú ọ̀nà oko wá dà bí ọ̀fẹ́ lójú ẹ̀. Nílùú àwọn tó ṣe é ó bọ́gbọ́n mu, torí bí títì ńlá bá wà, ọ̀nà kéékèèké ọlọ́dà sábà máa ń wà nítòsí tí kẹ̀kẹ́ lè gbà. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Títì ńlá yẹn náà ló wà. Àánú ẹ ló ń ṣe áàpù náà, ó ń gbé ẹ sá fún tirélà, ó wá gbé ẹ sá wọ oko ẹ̀gẹ́.

Nígbà tó o bá wá ń fà á, ibi tí ìka ẹ kàn nìkan ló gbọ́rọ̀ sí ẹ lẹ́nu. Láti pọ́ìntì kan sí èkejì ìṣirò tiẹ̀ náà ló tún ń ṣe. Ìdí nìyẹn tó fi ń yọ níbòmíì.

Ohun tí èmi máa ń ṣe rèé. Pa gbogbo pọ́ìntì ogún yẹn rẹ́, má tún ẹyọ kan ṣe nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Má tẹ àwòrán kẹ̀kẹ́ rárá, ti mọ́tò ni kó o tẹ̀. Mọ́tò kì í wọ ẹ̀gẹ́, á di títì mú láti Àpáta dé Obantoko, o lè má fi ju pọ́ìntì méjì mẹ́ta lọ. Tó bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn, fi pamọ́ sí fáìlì GPX, kó o wá ṣí fáìlì yẹn nígbà tó o bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́. Fáìlì GPX ò mọ̀ bóyá mọ́tò lo fi yà á tàbí ẹsẹ̀, òǹkà pọ́ìntì ló wà nínú ẹ̀ gbalaja, lat (ìwọ̀n àríwá sí gúúsù) báyìí, lon (ìwọ̀n ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn) báyìí, bóyá àti gíga ibẹ̀, wọ́n to tẹ̀léra bí ìlẹ̀kẹ̀. O lè ṣí i bí ẹni ń ka lẹ́tà. (Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kàn án tí o ò bá farabalẹ̀. Mo fọwọ́ ara mi kọ pọ́ìntì Ìbàdàn lọ́jọ́ kan, 7.4 ló yẹ kó ṣáájú kí 3.9 tẹ̀lé e, mo gbé 3.9 ṣáájú, ìlà mi bá lọ bẹ́ sínú òkun nísàlẹ̀ Bonny.)

Kìkì pé wákàtí tí mọ́tò máa kọ fún ẹ, irọ́ ni fún oníkẹ̀kẹ́. Má fi wákàtí yẹn dá ìyàwó lójú. Má sì lo ọgbọ́n yìí lápá Èkó, á gbé ẹ gun afárá àti ẹsípìrẹ́ẹ̀sì tí o ò ní gbádùn ẹ̀. Ibi tí títì kan ṣoṣo bá wà ló ti dáa.

Ti ẹnu géètì onígéètì: ìka ẹ ló fà á. Máàpù kéré lójú ẹ nígbà tó o gbé pọ́ìntì sílẹ̀, o rò pé orí títì ni, ẹ̀gbẹ́ títì lo gbé e sí, áàpù bá ní ó ní láti dé ibẹ̀ gan-an kó tó yí padà. Fẹ máàpù náà títí títì á fi fẹ̀ tó ìka ẹ, kó o tó gbé nǹkan sílẹ̀. Má sì gbé e sójú jánṣọ̀n gan-an, àárín méjì ni kó wà, níbi tí kò ti sí ọ̀nà míì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Níbi tí títì bá ti pín sí méjì, tèmi lọ tèmi bọ̀, rí i dájú pé apá tó ò ń lọ lo tẹ̀. Mo tẹ òdìkejì lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n lọ yípo ní kìlómítà mẹ́fà níwájú kí n tó padà wá fọwọ́ kan pọ́ìntì yẹn.

Tí ibì kan bá ṣì ń ṣagídí, fa ìlà tààrà sí i. Nínú OsmAnd, lọ síbi "Plan a route", tẹ pọ́ìntì yẹn, á jẹ́ kó o pààrọ̀ irú ọ̀nà tó wà ṣáájú ẹ̀ tàbí lẹ́yìn ẹ̀, yan "straight line". Ní Komoot, wọ́n ń pè é ní "off-grid". Níbẹ̀ yẹn kò ní ṣe ìṣirò kankan, ìlà tó o fà ló máa gbà.

Ti Túsìdeè, lọ sínú Settings, wá ibi tó ti ń tún ọ̀nà ṣírò nígbà téèyàn bá yà kúrò lórí ìlà, kó o pa á. Tó o bá ti pa á, á kàn máa ké pé o ti yà ni, kò ní gbé ìgbésẹ̀ míì.

Táyà_Àpáta

Ẹ̀gbọ́n! Ẹ ṣeun gan-an sà. Mo ṣe ti mọ́tò yẹn báyìí báyìí, pọ́ìntì mẹ́ta péré, kìlómítà 68, ó dúró gbọin. Mo fẹ́ ẹ̀ sunkún.

Nǹkan méjì ló kù. Àkọ́kọ́, dátà mi ò pọ̀, ṣé á gbé mi dé Abẹ́òkúta? Èkejì, bátìrì fóònù mi kì í kọjá wákàtí mẹ́ta tí ojú ẹ̀ bá ń tàn.

Gáárì_Olómi

Èyí tí mo mọ̀ rèé kẹ́ ẹ má baà sọ pé ẹnu nìkan ni mo ní. GPS kì í jẹ dátà rárá. Sátẹ́láìtì ló ń bá fóònù sọ̀rọ̀, kò kan ilé iṣẹ́ tó ń ta káàdì fún yín. Àwòrán máàpù ló ń jẹ dátà, torí náà ẹ gba máàpù Nàìjíríà sórí fóònù nílé, OsmAnd àti Organic Maps ń ṣe é, kẹ́ ẹ wá pa dátà yín pátápátá lọ́nà. Fóònù tó ń wá nẹ́tíwọ̀kì nínú igbó ló ń yára kú, ẹ gbé e sí flight mode, ẹ tan GPS sílẹ̀. Ojú ẹ̀ kó máa ṣókùnkùn, kó máa fi ohùn pè yín. Ẹ sì mú pọ́wá báńkì dání jàre, àwọn ọ̀rẹ́ yín méjì kọ́, ẹ̀yin.

Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ ọlọ́kadà o.

Ìyá_Woolwich

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí mo sì ń rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwa tá a wà ní Lọ́ńdọ̀nù nìkan ni áàpù ń dà láàmú. Àbúrò mi Táyà, pẹ̀lẹ́ o.

Níbi tí mò ń gbé, odò Thames ló wà láàárín ilé àti ibi iṣẹ́ mi. Ọ̀nà abẹ́ odò kan wà ní Woolwich tí wọ́n ṣí lọ́dún 1912, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbà á, tó o bá ní kẹ̀kẹ́ wàá tì í lọ́wọ́. Ọkọ̀ ojú omi náà wà lókè, ọ̀fẹ́ ni. Áàpù mi máa ń fẹ́ràn ọkọ̀ ojú omi yẹn ju ìyàwó ọ̀sìngín lọ, kò mọ̀ pé mo lè dúró níbẹ̀ títí tí iṣẹ́ á fi bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe borí ẹ̀ ni pé mo gbé pọ́ìntì kan sẹ́nu ọ̀nà abẹ́ odò níhìn-ín, mo gbé òmíràn sẹ́nu ẹ̀ lọ́hùn-ún, mo sì fa ìlà tààrà láàárín wọn, bí ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù ṣe wí gẹ́lẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ bá ẹ sọ gan-an ni àtúnṣe lẹ́yìn ìrìn, torí wàá fẹ́ fi ìrìn yín han àwọn èèyàn. Abẹ́ odò yẹn, fóònù ò rí ojú ọ̀run, nítorí náà kò rí sátẹ́láìtì. Ìlà tó bá ká sílẹ̀ á máa ṣe wọ́gọwọ̀gọ bí ẹni mu ẹmu yó, á fò lọ sí Silvertown, á fò padà, ó kọ ọ́ fún mi nígbà kan pé mo sáré tó kìlómítà 88 ní wákàtí kan, èmi tí mò ń ti kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́! Ìwọ náà á rí irú ẹ̀ lábẹ́ afárá tàbí tó o bá wọ abẹ́ òrùlé páànù jókòó jẹun láìpa á. Má bínú sí i. Tẹ pọ́ìntì tó sọ nù yẹn, yọ ọ́, tàbí kó o gé ìlà náà níbi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú, kó o fi èyí tó dáa ṣe ìyókù. Gígé orí àti gígé ìrù ló wúlò jù. Mo máa ń gbàgbé pa á tí mo bá délé, á máa ká mi sílẹ̀ bí mo ṣe ń lọ láti kíṣìnnì sí yàrá.

Ìrù àti orí yẹn náà, gé e kó o tó fi hàn ẹnikẹ́ni. Ojú ẹnu ọ̀nà ilé mi gan-an ni gbogbo ìrìn mi ti máa ń bẹ̀rẹ̀, mi ò kà á sí, àfi lọ́jọ́ tí ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí kọ ọ́ sábẹ́ ìrìn mi pé ilẹ̀kùn wa dúdú dáa. Ara mi bù máṣọ. Láti ọjọ́ yẹn, ìta ṣọ́ọ̀ṣì ni ìrìn mi ń bẹ̀rẹ̀ lójú ayé. Ìwọ tó o wà nílé, má jẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ ọjọ́ àti wákàtí tẹ́ ẹ máa kọjá ibì kan. Ẹ ti délé kẹ́ ẹ tó gbé e síta.

Ẹ sì wo ohun tí wọ́n fi ṣe ojú ọ̀nà, kì í ṣe ìlà nìkan. Ìlà aláwọ̀ ewé lẹ́bàá odò níbí dáa ní oṣù kẹfà, ní oṣù kọkànlá ẹrẹ̀ ni, wàá gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká.

Ayàpù_Àdúgbò

Ẹ kú ìjókòó o. Gbogbo ohun tí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n sọ dáa, ṣùgbọ́n gbogbo yín ń yẹra fún ọ̀nà ìyá fùfú, kò sẹ́ni tó sọ pé ká lọ tún ọ̀nà yẹn fúnra ẹ̀ ṣe nínú máàpù. Ẹlòmíì ṣì máa bọ́ síbẹ̀.

OpenStreetMap yìí, láti 2004 ló ti wà, ẹnikẹ́ni ló lè forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kó tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà oko wa tó wà nínú ẹ̀, ẹni tó jókòó sílùú òkèèrè ló wo fọ́tò tí sátẹ́láìtì yà látòkè tó fi yà á. Ó ń ṣe wá lóore, ṣùgbọ́n láti òkè, ojú ẹsẹ̀ tó funfun nínú igbó àti ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà jọra. Kò sì lè rí i pé igi ọ̀pẹ méjì ló wà lórí odò. Mo lọ wo ibẹ̀ lánàá lórí máàpù lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ bọ̀dá Táyà. Lóòótọ́ ni, láti etí títì dé òdìkejì odò, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n kọ "unclassified" sí, ìyẹn ni pé ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà láti abúlé kan sí èkejì.

Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ fojú rí i, ẹ̀yin lẹ lè tún un ṣe. Ibi tí ó ṣì fẹ̀ tó jẹ́ yẹ̀pẹ̀ pupa, ẹ kọ ọ́ sí "track", ibi tó ti di ojú ẹsẹ̀, ẹ gé ìlà náà sí méjì níbẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ìyókù di "path". Vespucci ló ń ṣe èyí lórí Android. Ó le díẹ̀ lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Tó bá jẹ́ ìbéèrè kéékèèké lẹ fẹ́, bíi kí ni wọ́n fi ṣe ojú ọ̀nà yìí, ẹ gba StreetComplete, òun ló máa bi yín, ẹ̀yin ẹ kàn dáhùn.

Àwọn nǹkan tẹ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe wà. Ẹ má pa ọ̀nà yẹn rẹ́, ó wà, ìyá fùfú ń gbà á. Ẹ má sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kẹ̀kẹ́ ò gbọdọ̀ gbà á, torí ọ̀rọ̀ òfin nìyẹn jẹ́ nínú máàpù, àwọn àgbẹ̀ ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù ẹ̀gẹ́ kọjá níbẹ̀. Ẹ má wo Google Maps kọ orúkọ abúlé sínú ẹ̀, wọn ò fàyè gbà á. Ẹni tó bá sì ń gbèrò láti lọ fa oyè trunk yọ lára A5 kí áàpù lè fẹ́ràn ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, má ṣe é. Máàpù ni, kì í ṣe ọ̀nà àdáni.

Ẹ̀gbọ́n_Ṣàgámù

Ta lo ń bá wí 😀 Ó ti wá sí mi lọ́kàn rí o, mi ò purọ́. Mi ò ṣe é.

Gáárì_Olómi

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Áàpù mi sọ pé òkè kan wà lójú afárá kan nítòsí ilé wa tó ga tó 22%. Afárá tó tẹ́ pẹrẹsẹ! Ibo ni wọ́n ti rí òkè?

Ẹ̀gbọ́n_Ṣàgámù

Wo o, gíga ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ áàpù ń lò, Endeavour, ọkọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń lọ sí gbalasa òfurufú, ló wọ̀n ọ́n ní oṣù kejì ọdún 2000, ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi wà lókè. Nǹkan bíi mítà 30 ni àwọn ibi tí wọ́n wọ̀n fi jìnnà síra, kò rí afárá tó tín-ín-rín, ìsàlẹ̀ odò àti orí igi ló rí. Nítorí náà áàpù rò pé ńṣe lo sọ̀ kalẹ̀ sínú odò tó o tún gun òkè jáde. Tó o bá rí òkè tó rí ṣóńṣó tó kúrú gan-an, tí odò wà níbẹ̀, fi ojú fò ó. Tó bá jẹ́ pé ó gùn tó kìlómítà méjì mẹ́ta, bíi ti Ẹ̀fọ̀n Aláayè, gbà á gbọ́, òkè ni.

Táyà_Àpáta

Ẹ̀yin ará, a lọ, a dé, kò sẹ́ni tó kú.

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú ogún la kúrò ní Àpáta, aago mọ́kànlá ààbọ̀ la wọ Obantoko, a dúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìlà náà ò yẹ̀ rárá. Mo pa àtúnṣírò yẹn bí ẹ̀gbọ́n ṣe ní kí n pa á, mo yà ra omi lódìkejì títì ní ibi kan náà, ó kan ké "bíìpù" lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Mo wò ó bí ẹni wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ràn. Bátìrì ṣì ku 41% nígbà tá a dé, dátà mi ò dín rárá.

Àmọ́ Gáárì, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́, ọlọ́kadà wúlò. Lẹ́yìn Bakatari, tirélà kan ti ṣubú dí títì, mọ́tò tò lọ rẹrẹ, ìlà mi ní ká lọ tààrà. Ọlọ́kadà kan ló tọ́ka ojú ẹsẹ̀ kan sí wa lẹ́bàá ibẹ̀, a ti kẹ̀kẹ́ gbà á bíi mítà 300, a jáde síwájú tirélà. Fóònù ń ké bíìpù bíìpù, a ò dá a lóhùn.

Mọ̀mí Woolwich, mo gé orí àti ìrù ìrìn náà mà. Lójú ayé, ẹ̀gbẹ́ ọjà Àpáta la ti gbéra. Ọ̀rẹ́ mi kan gbàgbé pa tiẹ̀ nígbà tá a wọ bọ́ọ̀sì padà, áàpù bá kọ ọ́ pé ó fi kẹ̀kẹ́ sá 90 ní wákàtí kan gba Ọ̀dẹ̀dá kọjá, wọ́n ti ń kí i kú oríire láti àárọ̀.

Ayàpù, mo ṣe iṣẹ́ tó o rán mi. Mo tún padà sọ́dọ̀ odò lọ́jọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn kí n lè rí ibi tí ọ̀nà ti di ojú ẹsẹ̀ gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìrókò kan ni. Ìyá fùfú ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọmọ wọn ọkùnrin ló wà. Mo béèrè orúkọ odò náà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní odò ni àwọn ń pè é. Mo gé ìlà yẹn sí méjì, mo kọ track sí ti títì, mo kọ path sí ti odò, Vespucci fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí kó tó gbà á wọlé. Lórí máàpù OpenStreetMap fúnra ẹ̀, kò tó wákàtí kan tó ti yí padà. Ṣùgbọ́n áàpù mi yẹn, títí di àárọ̀ yìí tí mo tún fi Àpáta sí Abẹ́òkúta dán an wò pẹ̀lú àwòrán kẹ̀kẹ́, ó ṣì ń yà sọ́tùn-ún lẹ́yìn Omi-Adió. Ọjọ́ mélòó ló máa ń tó kí tuntun tó dé ọ̀dọ̀ wọn?

Ayàpù_Àdúgbò

Ẹ kú iṣẹ́ bọ̀dá! Áàpù kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbà tiẹ̀, òmíràn ń gba tuntun lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, òmíràn lóṣooṣù, òmíràn á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ OsmAnd, ẹ máa rántí gba máàpù tuntun sórí fóònù, kì í dédé yí ara ẹ̀ padà.

Táyà_Àpáta

Ó dáa. Mò ń wò ó láràárọ̀. Ìrókò yẹn náà ńkọ́, ṣé wọ́n ń fi igi sínú máàpù?